Mágínẹ́ẹ̀tì tí ojú ò rí: ẹ jẹ́ ká tú u wò

Fídíò kan ló ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp l'Óṣogbo níbí, pé wọ́n ti ṣe mágínẹ́ẹ̀tì tí ò nípọn rárá, làwọn èèyàn bá ń bi mí léèrè lọ́tùn-ún lósì.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni. Àmọ́ àtọdún 2017 ni o.

Báwo ló ṣe fẹ́lẹ́ tó?
Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n tò gègèrè sórí tábìlì l'Ọ́jà Ọba. Bí chromium triiodide, ohun tí wọ́n fi ṣe mágínẹ́ẹ̀tì yìí, náà ṣe rí nìyẹn, ìpele lórí ìpele, wọn ò sì lẹ̀ mọ́ra púpọ̀. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi ń bó o títí ó fi ku ẹyọ kan (bẹ́ẹ̀ ni, sẹ́lótéèpù tẹ́ ẹ fi ń lẹ náírà tó ya).

Kí ló wá jẹ́ ìyanu níbẹ̀?
Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan nínú mágínẹ́ẹ̀tì dà bí abẹ́rẹ́ kékeré, tí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan náà, ó di pé kó máa fa irin. Ooru ni ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nínú irin tó nípọn, aládùúgbò wà lókè, wà nísàlẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, ṣùgbọ́n nínú ìpele kan ṣoṣo kò sẹ́ni lókè kò sẹ́ni nísàlẹ̀. Mermin àti Wagner, onímọ̀ físíìsì méjì, ti fi ìṣirò hàn ní 1966 pé tí abẹ́rẹ́ bá lè kọjú síbi tó wù ú, ooru bíńtín á tú wọn ká. Ẹ kíyè sí "tí" yẹn o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló fò ó, tí wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Nínú chromium triiodide, abẹ́rẹ́ ò lómìnira bẹ́ẹ̀: àfi kó nàró sókè tàbí kó dorí kodò. Òun ló yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá to ìpele méjì léra, wọ́n á kẹ̀yìn síra bí orogún, agbára á pa rẹ́. Ẹ fi ìkẹta lé e, agbára dé padà.

Ṣé màá rí i rà ní Olaiya?
Rárá. Òtútù bíi 228 dígíríì sísàlẹ̀ òdo ló fẹ́, tí atẹ́gùn tó lómi bá sì kàn án, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa bàjẹ́. L'Óṣogbo, nínú òjò yìí?

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?
Ibi ìkó-nǹkan-sí kọ̀ǹpútà tí ò ní jẹ iná púpọ̀. Kò tíì dọ́jà.

Ẹni tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ "2D magnet" (ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí) ní gáréèjì ńkọ́?
Mo gbé ọ̀kan wò, ó nípọn ju èékánná mi lọ, ó sì gbé píìnì. Mágínẹ́ẹ̀tì lásán ni.

Ṣé kò léwu?
Ti fídíò yẹn, rárá. Àwọn mágínẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ inú ohun ìṣeré ọmọdé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù: tọ́mọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun kí wọ́n sì dá a lu. Ẹ má fún un ní epo mu o, ọsibítù tààrà.