Bí ara ṣe ń kọ gúlútẹ̀nì sí i lẹ́yìn ìjáwọ́ nínú rẹ̀

Gúlútẹ̀nì ni àwọn púrótéènì inú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn sílíákì, ìyẹn àìsàn tí gúlútẹ̀nì fi ń ba ìfun jẹ́, ló máa ń kíyè sí i, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti yẹra fún un, pé ara wọn kò gba díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, tí kò rí ju inú wíwú àti àárẹ̀ lọ, lè máa bì láàárín wákàtí 2 tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́. Èyí nìkan kò fi hàn pé àrùn náà ti burú sí i.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti rí i pé àìsàn yìí máa ń lọ bí àlìkámà bá lọ, tó sì máa ń padà bí àlìkámà bá dé. Willem Dicke, dókítà ọmọdé ní Netherlands, ti ń fura sí àlìkámà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà sì yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà, àìsàn padà.

Àrùn sílíákì ń ṣe nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 lágbàáyé. Nínú ìfun aláìsàn, èròjà kan tí à ń pè ní transglutaminase máa ń yí gúlútẹ̀nì padà díẹ̀, HLA-DQ2 tàbí HLA-DQ8, irú púrótéènì ara sẹ́ẹ̀lì tí aláìsàn jogún, a sì gbé e síwájú sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe ara ẹ̀ṣọ́ ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a gbà á sí ọ̀tá, ìjà a bẹ̀rẹ̀, àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ sára nínú ìfun tín-ín-rín a sì máa bàjẹ́. Bí ènìyàn bá ń jẹ gúlútẹ̀nì lójoojúmọ́, ìjà náà kì í dáwọ́ dúró, ara a sì máa bá a yí bẹ́ẹ̀. Bó bá jáwọ́, ìfun a rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ti mọ gúlútẹ̀nì kò kú tán. Wọ́n lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó bá tún wọlé, wọ́n a dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní búrẹ́dì jẹ fún ọjọ́ 3, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọjọ́ kẹfà. Lẹ́yìn nǹkan bí gíráàmù 6 gúlútẹ̀nì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èròjà interleukin-2, tí sẹ́ẹ̀lì T ń tú jáde, a máa ga nínú ẹ̀jẹ̀, a sì dé góńgó ní nǹkan bí wákàtí 4. Àsìkò yìí náà ni ìrìndọ̀ àti èébì máa ń mú wọn.

Ìdí kejì kò ta kókó tó bẹ́ẹ̀. Ara tó ti yá a tètè mọ ìnira lára, bí ẹrẹ̀ ṣe ń hàn lára aṣọ funfun.

Ohun tó yẹ kí aláìsàn mọ̀ dájú ni pé bí inú ṣe run tó kò sọ bí ìfun ṣe bàjẹ́ tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, mílígíráàmù 50 lójúmọ́ fún 90 ọjọ́ tó láti ba ìfun jẹ́. Ègé búrẹ́dì kan ní nǹkan bíi gíráàmù 2 gúlútẹ̀nì, nítorí náà ìdá kan nínú ogójì ègé ni mílígíráàmù 50. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà ti 2013 fi ní kí oúnjẹ tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára pé kò ní gúlútẹ̀nì má ní tó mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Isu, gàrí, láfún, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà kò ní in. Sẹ̀mó, núdùù, súpàgẹ́tì, pọ́fù-pọ́fù àti ṣinṣín ní in, ọ̀pọ̀ ọtí bíà àti máàtì náà sì ní in. Èyí tó máa ń tan ènìyàn ni ẹ̀rọ ìlọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ àlìkámà kó tó kan èlùbọ́, tàbí òróró tí wọ́n fi dín pọ́fù-pọ́fù kí wọ́n tó fi dín àkàrà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí búrẹ́dì ń dà láàmú ló ní àrùn sílíákì. Ní Norway, wọ́n dán ẹni 59 tí kò ní àrùn náà, àmọ́ tí wọ́n gbà pé gúlútẹ̀nì ń ṣe wọ́n, wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Fructan, irú ṣúgà kan tó wà nínú àlìkámà àti àlùbọ́sà, ló da inú wọn rú ju gúlútẹ̀nì lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sá fún búrẹ́dì kó sì máa jẹ àlùbọ́sà lọ, kí inú má yé wú.

Ìṣòro tó tóbi jù ni ti àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tTG-IgA ń wá ohun tí ìjà inú ìfun bí. Bí ènìyàn bá ti jáwọ́ kó tó ṣe é, iye náà a máa wálẹ̀, èsì sì lè sọ pé kò sí àrùn níbi tó wà. Nítorí náà, ẹ má jáwọ́ kí ẹ tó ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó ti jáwọ́ lè kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HLA, tí oúnjẹ kì í yí padà: bí kò bá ní DQ2 tàbí DQ8, ó ṣòro kí àrùn sílíákì tó wà. Bó bá ní in, kò tíì fi hàn pé ó ní àrùn náà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn le náà ní in. Ìgbà yẹn ni dókítà lè ní kó padà sórí gúlútẹ̀nì. Ìlànà Britain ni kó wà nínú oúnjẹ tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tí kò lè fara dà á lè jẹ nǹkan bíi gíráàmù 3 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ìyẹn nǹkan bí ègé búrẹ́dì kan àbọ̀. Bó bá rọrùn fún un, kó máa bá a lọ dé ọ̀sẹ̀ 8. Nígbà míì, ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí jíjẹ parí ni iye inú ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò nígbà náà.

Ẹni tí ẹnu tàbí ojú rẹ̀ ń wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tó jẹ àlìkámà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: àléjì àlìkámà lè wà níbẹ̀, èyí tó lè pani láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dán an wò nílé. Ní ti ẹni tó ní sílíákì tó ṣèèṣì jẹ ẹ́, kò sí oògùn tó ń yọ ọ́ kúrò nínú; kó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà bó bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kó sì padà sí oúnjẹ rẹ̀ lọ́gán. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra láìmọ ibi tó ti ń wá, ilé ìdáná àti ibi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.