Àfọ́kù bakitéríà àti làkúrègbé

Àfọ́kù ara bakitéríà wà lára ohun tí ó lè dá làkúrègbé sílẹ̀, irú èyí tí oríkèé máa ń wú, tí ó ń gbóná, tí ó sì ń roni. Kòkòrò náà lè ti kú. Ègé ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sínú oríkèé lè tó láti mú kí wíwú náà máa bá a lọ.

Peptidoglycan

Peptidoglycan ni ó ń mú ògiri sẹ́ẹ̀lì bakitéríà le. Ara ènìyàn kì í pèsè rẹ̀, nítorí náà bí ó bá ti wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara tètè mọ̀ pé àjèjì ni. Èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì, NOD2, ni ó ń dá muramyl dipeptide, ègé kékeré lára peptidoglycan, mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà á tú TNF àti interleukin-1, àwọn èròjà tí ń mú ibi tí ọ̀ràn kàn wú, jáde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á sì ya bo ibẹ̀.

Ara eku ni ẹ̀rí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1956, Carl Pearson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, jábọ̀ pé oríkèé eku wú lẹ́yìn tí ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ òróró tí a po òkú bakitéríà Mycobacterium mọ́. Ní 1977, Cromartie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún àfọ́kù ògiri bakitéríà streptococcus sínú ikùn eku lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oríkèé wọn wú, ó rọ̀, ó tún wú, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìran eku tí a ń pè ní Lewis ni ó ń mú jù. Bí a bá fún eku Fischer, ìran mìíràn, ní ìwọ̀n kan náà, kì í sábà ní wíwú tí ń padà wá yìí. Èyí ṣe pàtàkì gan-an: ọ̀kan náà ni àfọ́kù, ohun tí eku jogún ni ó yàtọ̀.

Lára ènìyàn

Làkúrègbé lè tẹ̀lé ìgbẹ́ gbuuru tí Salmonella, Shigella, Yersinia tàbí Campylobacter fà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń le jù, lára ẹni tí ó jogún HLA-B27, apilẹ̀ àbùdá kan tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní 1989, Granfors àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland rí èròjà ara Yersinia nínú sẹ́ẹ̀lì omi oríkèé àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà kò hù nígbà tí wọ́n gbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò. Ní 2019, a tún rí peptidoglycan Borrelia burgdorferi, kòkòrò àrùn Lyme tí eégbọn ń kó ranni, nínú omi oríkèé àwọn tí wọ́n ti lo oògùn apakòkòrò.

Ti Chlamydia yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ó jọ pé kòkòrò náà lè wà láàyè nínú oríkèé láìpọ̀ sí i. Ní ti rheumatoid arthritis, irú làkúrègbé tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara ń bá oríkèé ara wọn jà, a fura sí Porphyromonas gingivalis, kòkòrò inú erìgì, àti Prevotella copri inú ìfun, ṣùgbọ́n a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ni ó ń fà á.