Bí Ilẹ̀kùn Ilé Àwọn Ọlọ́lá Ìlú Ọba Ṣe Di Ṣíṣí fún Àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo Chatsworth, ilé ńlá ìdílé Cavendish ní Derbyshire, orí fóònù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò mú ọjọ́, yóò mú àkókò tí yóò wọlé, yóò sanwó, wọn yóò sì fi tikẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i. Tó bá débẹ̀, wọ́n ti la ọ̀nà tí yóò gbà sílẹ̀ dè é. Wọ́n ti fi okùn pààlà ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ dé, òṣìṣẹ́ wà nínú ilé láti dáhùn ìbéèrè, ilé oúnjẹ wà fún ẹni tí ebi bá ń pa, ṣọ́ọ̀bù sì wà fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ sílé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló ti kó àwọn ọmọ wọn lọ sírú ibẹ̀ nígbà ọlidé. Ṣùgbọ́n kí ló mú ọlọ́lá tó ń gbé ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ gbà kí àjèjì máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn baba ńlá rẹ̀? Ìtàn náà ti lé ní 400 ọdún, bí a bá sì tú u wò dáadáa, ìgbéraga ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó ló parí rẹ̀.

Ọba ni àlejò tí wọ́n kọ́kọ́ ń retí. Láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ọbabìnrin àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rẹ̀ á kúrò ní London, wọ́n á máa ti ilé ìjòyè kan bọ́ sí òmíràn. Onílé ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ní 1575, ọjọ́ 19 ló lò ní Kenilworth lọ́dọ̀ Robert Dudley, pẹ̀lú eré, àsè àti iná àríyá tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Ìnáwó náà wọni lára, síbẹ̀ ẹni tí ọba bá sùn nílé rẹ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tó ju ohun tí ìdílé kan lè gbé inú rẹ̀ tán. Bess of Hardwick àti ọkọ rẹ̀, William Cavendish, ra ilẹ̀ Chatsworth ní 1549, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ níbẹ̀ ní 1552. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn tún un kọ́ láàárín 1687 sí 1707, iṣẹ́ ìgbà yẹn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rí lónìí.

Kò pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe ọba náà bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Celia Fiennes, obìnrin kan tó gẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Chatsworth ní 1697 nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá múra dáadáa, tó sì wá nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, á ní kí wọ́n bá òun pe obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀. Òun ni yóò mú kọ́kọ́rọ́, tí yóò mú un yí ilé ká, tí yóò máa dárúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán ara ògiri fún un. Bó bá parí, àlejò á fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Onílé lè má sí nílé rárá.

Ní Stowe, ní Buckinghamshire, ọgbà òdòdó ni àwọn ènìyàn ń rọ́ wá wò. Wọ́n pọ̀ débi pé ní 1717, Lord Cobham tó ni ín kọ́ ilé ìtura kan sẹ́yìn ọgbà rẹ̀ kí àlejò lè ríbi sùn, kí ẹṣin wọn sì ríbi so mọ́. Ní 1744, Benton Seeley, ọkùnrin kan tó ń tàwé ní ìlú Buckingham, tẹ ìwé pélébé kan jáde tó ń sọ ohun tó wà nínú ọgbà náà fún àlejò. Ìwé atọ́nà tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì àwọn ilé wọ̀nyí lónìí, ọmọ ìyá èyí ni. Ilé ìtura 1717 yẹn kò wó tán. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún un ṣe, ibẹ̀ ni àlejò sì ń gbà wọlé. Tí ẹnì kan bá bi mí ibi tó yẹ kí òun kọ́kọ́ lọ kí òun lè fojú ara òun rí bí àṣà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, Stowe ni mo máa dárúkọ kí n tó dárúkọ ilé èyíkéyìí tó tóbi jù ú lọ.

Tikẹ́ẹ̀tì tó ní ọjọ́ àti àkókò lára ńkọ́? Horace Walpole ti ń ṣe é tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ni Robert Walpole, ẹni tí wọ́n kà sí olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ilé funfun kan tó dà bí ilé àwọn ará àtijọ́ sí Twickenham, nítòsí London, ó pè é ní Strawberry Hill. Ilé náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́. Ó wá tẹ òfin jáde ní 1784. Ẹni tó bá fẹ́ wá ní láti kọ̀wé béèrè ṣáájú, kó sì gba tikẹ́ẹ̀tì tí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan péré ló lè wá lójúmọ́, ènìyàn inú ẹgbẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá nìkan ni, láti ọ̀sán gangan títí di aago 3. Ó sì bẹ àwọn abiyamọ pé kí wọ́n má kó ọmọ wá. Bí ẹ bá ka òfin náà, ẹ óò rí i pé ohun tó ń bí onírúurú ilé wọ̀nyí nínú títí di òní ló wà níbẹ̀: èrò tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọwọ́ ọmọ lára ohun tó lè fọ́. Àní, owó tí àlejò ń fi sí Margaret tó ń mú wọn yí ilé ká lọ́wọ́ pọ̀ débi tí Walpole fi kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó ń ṣe òun bíi kí òun fẹ́ obìnrin náà, kí òun lè fi gba owó tí òun ná sórí ilé padà.

Títí di ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò kan òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ ojú irin ló yí i padà. Duke kẹfà ti Devonshire, olórí ìdílé Cavendish tó ni Chatsworth nígbà náà, jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn sí àlejò. Àṣẹ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ilé han ẹnikẹ́ni tó bá dé, kí wọ́n sì tú omi ọgbà sókè fún gbogbo ènìyàn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Omi náà kì í ṣe kékeré. Joseph Paxton, ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ́ olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà rẹ̀, ṣe èyí tó ga jù nínú wọn ní 1844 nítorí pé wọ́n ń retí Nicholas, ọba Rọ́ṣíà. Ọba náà kò wá. Nígbà tó di 1849, wọ́n la ọ̀nà rélùwéè dé Rowsley, tí kò jìnnà sí Chatsworth, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà nìkan, àlejò bí 80,000 ló wá. Thomas Cook, ẹni tó sọ ìrìn àjò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ di òwò, wà lára àwọn tó ń kó èrò wá. Nínú gbogbo ìtàn yìí, apá yìí ni mo fẹ́ràn jù: àwọn tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ rí omi tí wọ́n ṣe fún ọba, ọba fúnra rẹ̀ kò sì rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Orí ilẹ̀ ni ọrọ̀ àwọn ìdílé wọ̀nyí dúró sí, lórí owó tí àgbẹ̀ ń san fún wọn. Láti àwọn ọdún 1870, àlìkámà Amẹ́ríkà ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, iye rẹ̀ já, owó ilẹ̀ náà sì já pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1894, ìjọba gbé owó-orí ogún kalẹ̀: bí olówó bá kú, ìjọba á bù nínú ohun tó fi sílẹ̀ kí ọmọ tó jogún. Ìdá 8 nínú 100 ni èyí tó ga jù nígbà náà. Ní 1919, ó di 40. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, kò pẹ́ tó fi di 80. Ogun méjèèjì sì tún pa àwọn àrólé, nítorí náà ìdílé mìíràn san owó-orí náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mélòó kan. Ilé tó lé ní 1,000 ni wọ́n wó palẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá.

Ọ̀nà méjì ló yọ fún àwọn tí kò fẹ́ wó tiwọn. Èkíní ni kí wọ́n fi ilé náà fún National Trust, ẹgbẹ́ tí Octavia Hill, Robert Hunter àti Hardwicke Rawnsley dá sílẹ̀ ní 1895. Lord Lothian ló ké gbàjarè ní 1934 pé kí ẹgbẹ́ náà gba àwọn ilé wọ̀nyí mọ́ra. Òfin jáde ní 1937 tó fàyè gba ìdílé láti fi ilé sílẹ̀ kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣí i fún aráàlú. Nígbà tí Lothian fúnra rẹ̀ kú ní 1940, Blickling tó jẹ́ tirẹ̀ ní Norfolk bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀nà kejì ni kí onílé máa gba owó àbáwọlé fúnra rẹ̀. Marquess ti Bath, ọlọ́lá kan, ṣe bẹ́ẹ̀ ní Longleat, ilé rẹ̀, ní 1949, ó ń gba ṣílè méjì àti sísì lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ní 1966, ó kó kìnnìún sínú ọgbà rẹ̀ kí èrò lè pọ̀ sí i.

Ti Chatsworth ló dùn mí jù. William tó yẹ kó jogún kú lójú ogun ní Belgium ní 1944, oṣù 4 péré lẹ́yìn tó fẹ́ Kathleen, àbúrò John F. Kennedy tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀, Duke kẹwàá, wá ń gbé dúkìá sílẹ̀ fún Andrew, ọmọ tó kù. Òfin sọ pé tí ẹni tó gbé e sílẹ̀ bá lo ọdún 5 láyé lẹ́yìn náà, kò ní sí owó-orí. Ó kú lójijì ní oṣù kọkànlá 1950, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọdún 5 náà pé. Ìdá 80 nínú 100 ni ìjọba béèrè. Wọ́n ta ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Hardwick Hall, ilé tí Bess kọ́ nígbà ogbó rẹ̀, lọ sọ́dọ̀ National Trust ní 1959. Àwòrán Ọba Henry Kẹjọ tí Holbein yà, tó wà ní National Portrait Gallery ní London báyìí, ara ohun tí wọ́n fi san gbèsè náà ni. Deborah, ìyàwó Andrew, ló dá ṣọ́ọ̀bù oko sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977. Nítorí náà, owó tí à ń san lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbé òrùlé dúró.

Ó wá ku owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé náà. Harewood, nítòsí Leeds, rẹwà lójú. John Carr àti Robert Adam ló ya ilé rẹ̀, Capability Brown ló tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, Thomas Chippendale ló ṣe àga àti tábìlì inú rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1759. Edwin Lascelles tó kọ́ ọ, ọmọ Henry Lascelles ni, ẹni tó fi ṣúgà àti ẹrú Barbados di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí òfin 1833 tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ìjọba san owó tó lé ní £26,000 fún Earl ti Harewood gẹ́gẹ́ bí owó ìtùnú lórí ènìyàn 1,277. Àwọn 1,277 náà kò gba kọ́bọ̀. Harewood ṣílẹ̀kùn fún aráàlú ní 1950, lẹ́yìn tí owó-orí ogún ti fọwọ́ bà á. Earl tó wà níbẹ̀ báyìí kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ní 2023, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ìdílé tó jogún owó ẹrú sílẹ̀. Nígbà tí National Trust kọ ọ́ jáde ní 2020 pé ibi 93 lábẹ́ àbójútó òun ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òwò ẹrú tàbí ìjọba amúnisìn, ariwo ta nínú ìwé ìròyìn. Èrò tèmi ni pé ìwé yẹn yẹ ká kà kí a tó gbéra nílé, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí òun ń wò.

Ilé kan wà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ inú rẹ̀ gan-an. Osborne ni, ní erékùṣù Isle of Wight. Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ rà á ní 1845, wọ́n parí ilé tuntun síbẹ̀ ní 1851, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1901. Ọmọ rẹ̀, Edward Keje, fi í ta aráàlú lọ́rẹ ní 1902, wọ́n sì ń wọ àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀ láti 1904. Àìná, ọmọ ilẹ̀ Yewa, ni àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ní Òkè Ọ̀dàn ní 1848. Gẹ́zò, ọba Dahomey, fi í fún Captain Forbes, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ní 1850. Forbes ló mú un dé ọ̀dọ̀ Victoria, Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sì wá ń pe Àìná. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní 1862, ó sì sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria. Ní oṣù kẹjọ 1880, àkọ́bí náà wà ní Osborne lọ́dọ̀ ọbabìnrin ní ọjọ́ tó gbọ́ pé ìyá òun ti kú ní Madeira.

Láti 2020 ni àwòrán Àìná, tí Hannah Uzor yà, ti dé Osborne. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth dé Ryde. Ẹni tó ní mọ́tò lè gba Southampton lọ sí East Cowes, tó súnmọ́ ilé náà jù. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i kí ẹ tó ra tikẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, pàápàá nígbà òtútù. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bóyá àwòrán náà wà lára ògiri àti ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, torí wọ́n máa ń ṣí àwòrán nípò padà.