Ìwúwo Ni Ẹ̀rọ Lésà Ń Sọ, Kì í Ṣe Orúkọ Àrùn

Ènìyàn mẹ́ta ni ó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà láìpẹ́ yìí, ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá: ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan ti dé tí ó ń fi iná lésà yẹ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo wò, tí yóò sì ka gbogbo àrùn tó fara pamọ́ sínú ara, láti orí jẹjẹrẹ dé orí kíndìnrín? Màmá àgbà kan láti Èbúté Mẹ́ta ni ó bèèrè kẹ́yìn, wọ́n sì mú bébà èsì dání. Àrùn mẹ́tàdínlógún ni ó wà lórí rẹ̀. Mo bèèrè ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pá irin kan tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí àwọn dì mú. Lésà kankan kò sí níbẹ̀, àfi lẹ́nu ẹni tó gba owó.

Ti ọ̀pá irin kò gba àlàyé. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀rọ lésà gidi wà, iṣẹ́ rẹ̀ dára, iyì rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń yá lò. MALDI-TOF ni a ń pè é, a sì ń lò ó láti mọ irú bakitéríà tó wà nínú àyẹ̀wò. Franz Hillenkamp àti Michael Karas ni wọ́n gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1980. Koichi Tanaka, ọmọ Jàpáánù tí ó fi lésà gbé púrótéènì ńlá fò láìfọ́ ọ túútúú, wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2002.

Bí a ṣe ń lò ó kò ṣòro láti rí. A ó fi igi ìtayín tọ́ díẹ̀ nínú bakitéríà tó ti hù, a ó fi ra ojú kan lára irin pẹlẹbẹ tó ní ojú 96, a ó kán oògùn tí ń jẹ́ mátíríìsì lé e, a ó sì dúró títí yóò fi gbẹ, tí yóò funfun bí iyọ̀ tó gbẹ sí etí ìkòkò. Lésà yóò ta á níbi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, púrótéènì yóò gbéra, iná mànàmáná yóò sì ti gbogbo wọn pẹ̀lú agbára kan náà. Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke òfìfo rí, tó sì ti èyí tó kún fún iṣu rí nínú ọjà Oyíngbò, mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ náà ń ka àsìkò tí oníkálukú fi dé, ó sì ń tibẹ̀ ṣírò ìwúwo rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ibòmíràn ni orúkọ ti ń wá. Kọ̀ǹpútà ni ó ń fi àwọn ìwúwo náà wé àkójọ àwọn bakitéríà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí kò bá sì sí nínú àkójọ kò ní orúkọ. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò yìí fún bakitéríà ní ọdún 2013. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ náà láti ya E. coli àti Shigella, bakitéríà méjì tó jọra gan-an, sọ́tọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Albumin nìkan tó nǹkan bí ìlàjì púrótéènì inú omi ẹ̀jẹ̀, nígbà tí èyí tí kókó jẹjẹrẹ kékeré ń tú jáde dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Wọ́n sì ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní oṣù kejì ọdún 2002, Emanuel Petricoin, Lance Liotta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé ọ̀nà kan tó jẹ́ ìbátan MALDI lè fi ẹ̀jẹ̀ mọ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Nígbà tí Keith Baggerly, onímọ̀ ìṣirò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, wọ́n rí àmì pé ọwọ́ tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lo ẹ̀rọ lè wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní àrùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Àyẹ̀wò náà mọ gbogbo obìnrin 50 tó ní jẹjẹrẹ, ó sì tọ̀nà lórí 63 nínú 66 tí kò ní. Wọ́n ní ìyẹn jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá sì gbọ́ 95 á mí kanlẹ̀. Nínú àwùjọ yẹn, ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ẹnì kan nínú méjì ni ó ní àrùn náà. Ìgboro kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,500 obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ ni ó ní i. Ẹ wá pe obìnrin 2,500 bẹ́ẹ̀ jọ ní Sùúrùlérè. Ẹ̀rọ yóò mú ẹnì kan tó ní i. Nínú 2,499 tó kù, yóò ṣì márùn-ún mú nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí 125. Obìnrin 126 ni yóò gba bébà tó ní jẹjẹrẹ wà. 125 nínú wọn yóò máa sunkún lórí àìsàn tí kò sí, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ sì lè kan àwọn mìíràn. Mo ti ṣe ìṣirò yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, fún ẹ̀gbọ́n mi, àti fún awakọ̀ kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba. Gbogbo wọn ni ó dá mi lóhùn pé 95 mà dára. N kò sọ pé kò dára. Mo ní 95 láàárín àwọn wo?

Ó ṣeé ṣe kí púrótéènì mélòó kan tí a ó lè gbára lé jáde lọ́jọ́ kan, fún àrùn kan tàbí méjì, n kò sì ní í fi ẹnu mi ba iṣẹ́ àwọn tó ń wá a jẹ́. Fún ìsinsìnyí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi èsì yín wé, iye aláìlárùn tó wà nínú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà nígbà tí kò sí iná. Màmá Èbúté Mẹ́ta padà lọ bèèrè. Wọ́n ní kí màmá tún ọ̀pá náà dì mú, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù. Àrùn wá di mọ́kànlá.