Àwòrán Fínfín: Nígbà Tí Pílánẹ́ẹ̀tì Jẹ́ Méje

Ẹni tó bá ti wo àwọn ará Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n ti ń fín igbá ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ojú bàbà pẹlẹbẹ ni àwọn oníṣọ̀nà Yúróòpù ń fín ní tiwọn. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń fa ilà sínú bàbà. Wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á nù ún títí yíǹkì á fi ṣẹ́ kù sínú ilà nìkan, wọ́n á wá tẹ́ bébà tí wọ́n ti fi omi rin lé e, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lápá ọ̀tún bàbà, apá òsì bébà ló ń bọ́ sí. Òdì-òdì ni wọ́n ṣe ń fín gbogbo rẹ̀, títí kan lẹ́tà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwòrán méje tí oníṣọ̀nà kan, Jan Saenredam, fín ní 1596, láti inú àwòrán tí Hendrick Goltzius ará Haarlem ní Netherlands yà. Pílánẹ́ẹ̀tì kan, àwòrán kan. Òrìṣà Róòmù tó ni orúkọ náà á dúró láàrin bí ère, àwọn “ọmọ” rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ yí i ká, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà pé ìràwọ̀ náà ló ń darí wọn. Àwọn ayàwòrán wà lọ́dọ̀ Mercury, àwọn ológun lọ́dọ̀ Mars, àwọn apẹja lọ́dọ̀ Òṣùpá. Venus ni Àgùàlà tiwa, èyí tí àwọn baba ńlá wa ń rò pé ajá òṣùpá ni. Obìnrin arẹwà ni lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méje? Ohun tó bá ń rìn láàrin àwọn ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Nítorí náà Oòrùn àti Òṣùpá wà níbẹ̀, ayé kò sí. Uranus kò tíì yọjú. 1781 ni wọ́n tó rí i, Neptune sì di 1846.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà dáadáa. “Inv.” ń tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó ro àwòrán náà, “sculp.” ń tẹ̀ lé ti ẹni tó fín in. Ẹ tún wá àmì tí etí bàbà tẹ̀ sínú bébà yí àwòrán ká, bí wọn kò bá tíì gé e kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: ilà gidi ni ti àtijọ́, àmì tótòtó wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀dà òde òní.