Ẹ da omi sí ihò èèrà, ẹ ò tíì pa á

Èèrà bo ìgò ṣúgà, inú bí yín, ẹ gbé omi korobá kan, ẹ dà á sí ihò wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ gbà pé omi ti pa wọ́n, ó tán! Èmi náà ti ṣe é rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tún tò lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́. (Omi gbígbóná yàtọ̀ o: ooru ló ń pa wọ́n níbẹ̀.)

Èèrà kò ní ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í fi imú mí. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá rì, ó lè dákú fún ìgbà pípẹ́, kó sì tún jí. Ẹ yọ ọ̀kan nínú ife tíì, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà. Ẹ ó rò pé ó ti kú. Tó bá yá, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ á gbọ̀n, ẹsẹ̀ kan á nà, á dìde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Ní àríwá Ọsirélíà, èèrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Polyrhachis sokolova. Inú ẹrẹ̀ oníyọ̀ létí òkun ló ń kọ́lé sí. Bí òkun bá kún, omi á bo ilé náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà á ya lulẹ̀, á dí ihò náà, afẹ́fẹ́ á sì há sínú yàrá pẹ̀lú wọn. Èyí tí omi bá ká mọ́ta á lúwẹ̀ẹ́: ẹsẹ̀ mẹ́rin iwájú ń wa omi, méjì ẹ̀yìn nà gbọnrangandan bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ìbátan rẹ̀ kan níbẹ̀, Camponotus anderseni, ń gbé inú ẹ̀ka igi oníhò. Bí omi bá dé, oníbodè kan á ki orí ńlá rẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà, ó parí.

Nígbà tí ìjì Harvey fi omi bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ní 2017, àwọn èèrà tó ń ta bí iná di ara wọn mú, wọ́n sì léfòó gìdìgbà lórí omi, tọmọ tayaba.

Ìgbàgbọ́ pé omi ń pa èèrà kò ṣàdédé wá ṣá. Àwọn ìyá wa máa ń ki ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ bọ inú agolo omi, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèrà kì í fẹ́ sọdá omi. Àmọ́ bí eruku bá ti bo ojú omi náà, tàbí koríko kan já sí i, afárá dé nìyẹn.