Ìbò àríyànjiyàn: kí ni wọ́n ń ṣe sí i nínú ìdìbò àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà?

Ẹnì kan dé ibùdó ìdìbò ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé títí, wọn ò rí i. Ẹni náà ní ọmọ ẹ̀yà lòun, ẹ̀tọ́ òun sì ni láti dìbò. Dípò kí wọ́n lé e lọ, òfin ọ̀pọ̀ ẹ̀yà gbà kí wọ́n fún un ní ìwé ìdìbò, kó fi àmì sí ẹni tó wù ú, kí wọ́n sì gbé ìbò náà sọ́tọ̀ títí wọ́n á fi wádìí. Ìyẹn ni ìbò àríyànjiyàn. Wọn ò tíì kà á, wọn ò sì tíì dà á nù.

Àwọn ẹ̀yà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lé ní 570, kálukú ló sì ń ṣe òfin ìdìbò sí ipò olóyè tirẹ̀. Nítorí náà, òfin ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ẹni náà lè ti kó kúrò ní àdúgbò tó fẹ́ dìbò fún. Wọ́n lè ti fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí i nílé, kí wọ́n máa bẹ̀rù pé yóò dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó máa ń dunni jù ni kí aṣojú olùdíje kan dìde pé, "Ẹni yìí kì í ṣe ara wa." Láàárín ẹ̀yà Cherokee, àdéhùn ọdún 1866 fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀yà náà ti fi ṣẹrú, àti àwọn ọmọ wọn, ní ẹ̀tọ́ ọmọ ẹ̀yà. Síbẹ̀, ní 2007, wọ́n dìbò láti yọ wọ́n kúrò, ó sì di 2017 kí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn láre.

Inú àpòòwé ni iṣẹ́ wà. Méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìwé ìdìbò á wọnú èyí tí kò ní àmì kankan lára, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á sì tì í bọnú èkejì. Ara èkejì yìí ni wọ́n ń kọ orúkọ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ ẹ̀yà, àdírẹ́sì àti ìdí àríyànjiyàn, olùdìbò á sì buwọ́ lù ú. Tí ibùdó bá ti pa, ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò á fi ohun tó wà lára àpòòwé ìta wé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ ọmọ ẹ̀yà. Èyí tí wọ́n bá gbà, wọ́n á ya ti ìta, wọ́n á kó gbogbo ti inú pọ̀, wọ́n á dà wọ́n pọ̀ mọ́ra dáadáa, kí wọ́n tó tú wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ètò yìí padà. Tí wọ́n bá tú ìbò wò kí wọ́n tó pinnu, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ti mọ ẹni tí ìbò náà ń gbè. Tó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, títú u lóun nìkan á fi àṣírí olùdìbò hàn. Ó sàn kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ìbò tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, tí wọn ò tíì kà.

Tí olùdíje kan bá fi ìbò 4 ṣíwájú, tí àpòòwé 9 ṣì wà nílẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ kéde ẹni tó wọlé. Irú àlàfo kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá. Nígbà tí àwọn Cherokee dìbò yan olórí àgbà wọn ní 2011, wọ́n kọ́kọ́ ní Bill John Baker fi ìbò 11 borí, wọ́n tún wá ní Chad Smith ló fi 7 borí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ẹ̀yà náà fagi lé ìdìbò ọ̀hún, wọ́n sì tún un dì.

Ìdìbò lórí ìwé òfin ẹ̀yà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń darí lábẹ́ òfin ọdún 1934, yàtọ̀. Níbẹ̀, olùdìbò á kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á lẹ orúkọ síta, wọ́n á sì yanjú àríyànjiyàn lórí orúkọ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé.

Tó bá jẹ́ ìbò yín ni wọ́n gbé sọ́tọ̀, ẹ yẹ ara àpòòwé ìta wò kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì: ṣé nọ́ńbà yín péye, ṣé wọ́n kọ ìdí rẹ̀, ṣé ẹ ti buwọ́ lù ú? Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó.